Bí A Ṣe Ń Fi Kúlà Pírósẹ́sọ̀ Wéra Ká Tó Náwó

Ká ní ẹ rí àyẹ̀wò kúlà kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tí wọ́n ní 68°C ni pírósẹ́sọ̀ wà nígbà tí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Yàrá tí wọ́n ti ṣe é wà ní 22°C. Ẹ ra kúlà yẹn, ẹ gbé e sínú kọ̀ǹpútà yín ní Ìbàdàn, lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà, nínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, tó wà ní 34°C. Nǹkan bíi 80°C lẹ máa rí. Kúlà ò bàjẹ́, ẹni tó ṣe àyẹ̀wò ò sì purọ́. Iṣẹ́ kúlà ni láti kó ooru kúrò lára pírósẹ́sọ̀ lọ sínú afẹ́fẹ́ yàrá. Bí yàrá yín bá fi 12 gbóná ju tiwọn lọ, pírósẹ́sọ̀ yín náà á fi bíi 12 gbóná jù. Ọ̀pọ̀ owó ló ti ṣòfò lórí pé èèyàn ò mọ èyí.

(Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń pe gbogbo àpótí kọ̀ǹpútà ní CPU. Ṣíìpù pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ kúlà, lórí mọ́dábọ́ọ̀dù (bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà), ni mò ń pè ní pírósẹ́sọ̀ níbí.)

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ iye wáàtì tí pírósẹ́sọ̀ yín ń jẹ ní tòótọ́

Gbogbo iná tí pírósẹ́sọ̀ bá jẹ ló ń di ooru. Àmọ́ iye tí wọ́n máa ń kọ síwájú kọ́ ni òpin rẹ̀. Core i5-12400 ti Intel, 65 ni wọ́n kọ, ó sì lè gòkè dé 117. Core i9-14900K bẹ̀rẹ̀ láti 125, ó ń dé 253. Lọ́dọ̀ AMD, Ryzen 5 5600 tí wọ́n kọ 65 sí lè jẹ 76. Ryzen 9 7950X tí wọ́n kọ 170 sí lè jẹ 230. Iye tó ga jù yẹn ni kí ẹ kọ sínú ìwé yín.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo èyí tó wà lọ́wọ́ yín ná

Ẹ gba HWiNFO, ètò tó ń fi ìgbóná hàn, sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí Cinebench, ètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán pírósẹ́sọ̀ wò, ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ kọ ìgbóná pírósẹ́sọ̀ sílẹ̀, kí ẹ kọ ti yàrá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á, ẹ tú kúlà, ẹ gbọn eruku rẹ̀ dànù, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́, kí ẹ nu péèsì (ohun rírọ̀ tó wà láàárín kúlà àti pírósẹ́sọ̀) tó ti gbẹ kúrò, kí ẹ fi tuntun sí i. Ẹ tún un wọ̀n. Mo ti tú kọ̀ǹpútà rí tí olówó rẹ̀ ti ń kówó kúlà jọ. Eruku lásán ló dí i pa. Bí ìgbóná pírósẹ́sọ̀ bá ti jìnnà dáadáa sí òpin rẹ̀ báyìí, ẹ fi owó yín ṣe nǹkan mìíràn. 100°C ni òpin ìgbóná i5 àti i9 tí mo dárúkọ lókè yẹn, 95°C ni ti Ryzen 9 7950X.

Ìgbésẹ̀ 3: Ṣé ó máa wọlé?

Ẹ mọ irú sọ́kẹ́ẹ̀tì (ibi tí pírósẹ́sọ̀ jókòó sí) tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù yín. Lọ́dọ̀ Intel, àlàfo ihò ìdè kúlà lórí LGA1200 jẹ́ mìlímítà 75, ti LGA1700 jẹ́ 78, nítorí náà kúlà àtijọ́ nílò irin ìdè tuntun. AM4 àti AM5 ti AMD fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àfi pé irin ẹ̀yìn AM5 kì í ṣe èyí tí a ń tú; kúlà tó bá gbé irin ẹ̀yìn tirẹ̀ wá kò ní bá a mu.

Gíga rẹ̀ wá ńkọ́? Kúlà Noctua NH-D15 ga ní mìlímítà 165, Thermalright Peerless Assassin 120 SE àti DeepCool AK400 jẹ́ 155. Mo ti ra kúlà wálé rí tí ìdérí àpótí ò lè padé mọ́, nítorí mìlímítà márùn-ún péré. Ẹ wo iye tí àpótí yín gbà kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo RAM (pátákó mẹ́mórì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pírósẹ́sọ̀) náà: lábẹ́ fáànù iwájú NH-D15, mìlímítà 32 péré ni àyè tó wà. Bí kọ̀ǹpútà yín bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ ọ́fíìsì, ẹ yẹ ihò mọ́dábọ́ọ̀dù àti ẹnu wáyà fáànù rẹ̀ wò dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ irú wọn ló ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá fi wọ́n wéra

Ibí ni ọkàn ọ̀rọ̀ wà. Ẹ yọ ìgbóná yàrá kúrò nínú ìgbóná pírósẹ́sọ̀. Ohun tó ṣẹ́kù ni ẹ ń wé. Ká ní kúlà kan jẹ́ 70°C nínú yàrá 25°C, èkejì jẹ́ 66°C nínú yàrá 20°C. Ojú lásán á ní èkejì ló dára jù. Ẹ yọ ọ́: 45 ni àkọ́kọ́, 46 ni èkejì. Àkọ́kọ́ ló borí.

Ẹ má ṣe wé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí pírósẹ́sọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wáàtì bá tilẹ̀ dọ́gba, ṣíìpù tí ojú rẹ̀ kéré máa ń gbóná jù, torí ooru kò rí àyè tàn ká.

Ariwo ló kù. Kúlà èyíkéyìí tí fáànù rẹ̀ bá ń sáré bí ìjì á tutù díẹ̀ sí i, nítorí náà àyẹ̀wò tó bá mú ariwo wọn dọ́gba ni mo máa ń gbà gbọ́. Ẹ rántí pé bí dB, ìwọ̀n ariwo, bá fi mẹ́wàá lé sí i, etí máa ń gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lóru mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní ti Ryzen 9 7950X, ọ̀pọ̀ kúlà ló máa jẹ́ kó kan 95°C, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Lórí irú èyí, iye GHz (ìyára pírósẹ́sọ̀) tó dúró lé ni kí ẹ wé, ẹ fi ìgbóná sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ti afẹ́fẹ́ tàbí ti olómi?

Páìpù bàbà kúlà afẹ́fẹ́ ní omi díẹ̀ nínú. Omi yẹn á hó nídìí pírósẹ́sọ̀, oru rẹ̀ á lọ sí àárín àwọn awẹ́ aluminiọ́mù, á tutù níbẹ̀ bí omi ṣe ń ṣẹ̀ sábẹ́ ìdérí ìkòkò, á sì padà sísàlẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú èyí tó lè kú, àfi fáànù, a sì lè ra fáànù mìíràn. Kúlà olómi ní pọ́ǹpù. Bó bá kú, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Kò sì lè mú pírósẹ́sọ̀ tutù ju yàrá lọ. Èmi á ní kí ẹni tí tirẹ̀ ò ju 150 wáàtì lọ ra ti afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ń fi i9 ṣe iṣẹ́ fídíò látàárọ̀ dalẹ́ ló ní ìdí láti ra ti olómi tí rédíétọ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 360.

Lórí owó, NH-D15 wọ́n ju Peerless Assassin lọ ní ìlọ́po méjì ó lé, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ ìgbóná wọn kì í ju díẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á

Ẹ bó ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tó wà nídìí kúlà, torí àwọn tó gbàgbé rẹ̀ pọ̀. Péèsì bí ẹyọ ẹ̀wà kan ti tó. Ẹ máa fún síkúrúù díẹ̀díẹ̀, láti igun kan sí èyí tó dojú kọ ọ́, kí ó má bàa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ki wáyà fáànù bọ ojú ibi tí wọ́n kọ CPU_FAN sí. Kí ẹ wá tún Cinebench ṣe fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ yọ ìgbóná yàrá kúrò, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ èyí tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kejì.