Bí A Ṣe Ń Ti Ẹ̀yìn Ka Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tí Dókítà Kọ Sínú Káàdì

Òyìnbó inú káàdì ọsibítù máa ń gùn, ó sì máa ń já ènìyàn láyà. Ṣùgbọ́n ó létò. Láti inú èdè Gíríìkì àti Látìnì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá: iwájú ọ̀rọ̀ ló ń sọ ibi tó kàn nínú ara, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ló ń sọ ohun tó ṣe ibẹ̀, tàbí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i. Ẹ mú káàdì yín, kí á jọ kà á.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ẹ̀yìn ná

Ẹ má tíì dààmú láti pe ọ̀rọ̀ náà tán. Ẹ fi ìka bo iwájú rẹ̀, kí ẹ wo lẹ́tà bíi mẹ́rin sí mẹ́fà tó gbẹ̀yìn. Èyí tí ẹ máa rí jù ni -itis. Ohun tó ń sọ ni pé ibì kan nínú ara ń wú, ó ń pọ́n, ó ń gbóná, ó sì ń ro. Ó ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún tí Celsus, ará Róòmù, ti ka àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ṣí iwájú

Hepat- ni ẹ̀dọ̀, nephr- ni kíndìnrín, dermat- ni awọ ara, arthr- ni oríkèé. Hepatitis, ẹ̀dọ̀ ló ń wú. Arthritis, oríkèé ni. Àìsàn ojú tí gbogbo wa ń pè ní Apollo, conjunctivitis ni wọ́n máa kọ sí káàdì, nítorí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo funfun ojú ló kàn. (Ọdún 1969 tó jà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi Apollo 11 lọ sínú òṣùpá, ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ ọn.)

Ẹ ṣọ́ra níbí o. -itis kì í sọ ohun tó fa àìsàn. Fáírọ́ọ̀sì lè fa hepatitis, ọtí lè fà á, oògùn tí a lò ní àlòjù náà lè fà á. Ẹni tó bá torí pé òun rí -itis sáré lọ ra kápúsù apakòkòrò ní kẹ́míìsì lè kàn fi owó ṣòfò ni, torí oògùn bẹ́ẹ̀ kò ran fáírọ́ọ̀sì rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, ẹ rọra kà á

Ibí yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. -otomy, wọ́n fẹ́ la ibẹ̀ ni. -ectomy, wọ́n fẹ́ gé e kúrò. -ostomy, wọ́n fẹ́ dá ojú ihò sí i. Ní ti -scopy, wọ́n kàn fẹ́ fi ẹ̀rọ wò ó ni. Ẹ wo ìfun ńlá, tó ń jẹ́ colon: colonoscopy, wọ́n á wo inú rẹ̀, colectomy, wọ́n á gé e, lódindi tàbí lápá kan, colostomy, wọ́n á gbé ẹnu rẹ̀ wá sí ara ikùn kí ìgbẹ́ lè máa gba ibẹ̀ bọ́ sínú àpò.

Àwọn obìnrin tó ní fibroid ni mo fẹ́ kó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Myomectomy àti hysterectomy, ẹ̀yìn kan náà ni wọ́n ní, iwájú ló yàtọ̀. Myom- ni fibroid fúnra rẹ̀: wọ́n á yọ ọ́, ilé ọmọ á sì wà níbẹ̀, obìnrin ṣì lè lóyún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fibroid mìíràn lè hù. Hyster- ni ilé ọmọ: bí wọ́n bá ti yọ ọ́, ọ̀rọ̀ oyún àti nǹkan oṣù parí. Kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé, ẹ bi wọ́n pé, “Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, kí lẹ fẹ́ yọ gan-an? Kí ló máa ṣẹ́ kù?” Ẹ tún bèèrè ohun tí wọ́n máa ṣe bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya jù lórí tábìlì, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn pé ọ̀nà àtigba ẹ̀mí là ni kí wọ́n yọ ilé ọmọ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ àwọn tó ń tanni jẹ

-oma sábà máa ń jẹ́ kókó. Lipoma, kókó ọ̀rá tí kì í sábà ṣe nǹkan kan, carcinoma, jẹjẹrẹ. Ẹ rí i pé ẹ̀yìn nìkan kò tó láti fi sunkún. Glaucoma kò tilẹ̀ ní kókó kankan nínú: iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ ló ń bàjẹ́.

-aemia, ẹ̀jẹ̀ ni. -Uria, ìtọ̀ ni. Ṣùgbọ́n hypoglycaemia ni kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, hyperglycaemia ni kó ga jù. Ẹ má fi ojú sáré kà wọ́n.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ìkọ̀wé kò bá ṣeé kà

Ẹ bẹ nọ́ọ̀sì kó fi lẹ́tà ńlá tún un kọ fún yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Nephrotomy ni kí wọ́n la kíndìnrín, nephrectomy ni kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, àwọn méjèèjì sì lè jọra bí ìbejì bí ọwọ́ tó kọ wọ́n bá ń kánjú.