Bí A Ṣe Ń Tu Ọkọ̀ Kánáàlì Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rà Lọ sí Èbúté Tó Jìnnà

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní narrowboat ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà rí èyí tó wù ú rà nítòsí èbúté tí yóò máa so ó mọ́. Ọkọ̀ lè wà ní Braunston ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, kí èbúté tí ẹni náà ti gbà sílẹ̀ sì wà ní Skipton lókè lọ́hùn-ún ní àríwá. Ìrìn tí mọ́tò ń rìn ní wákàtí díẹ̀ lè gba ọkọ̀ yìí ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé òfin kò gbà á láyè kó sáré ju máìlì 4 ní wákàtí kan lórí kánáàlì, ìyẹn ọ̀nà omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ fún ọkọ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sáré tó ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń múra ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ fi sọ́kàn ni pé omi ló ń pinnu ọjọ́ tí a ó débẹ̀. Ẹni tó bá ti bá àwọn ará ilé ṣe àdéhùn ọjọ́ ìgúnlẹ̀ kó tó mọ ọ̀nà tí yóò gbà àti irú ọkọ̀ tó rà, ìkánjú ni yóò máa fi tu ọkọ̀, inú ìkánjú sì ni ọ̀pọ̀ jàǹbá orí kánáàlì ti ń wá.

Kí ẹ tó san gbogbo owó ọkọ̀, ẹ fi tépù wọn gígùn rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ má ṣe gba ohun tí olùtà kọ sínú ìwé gbọ́ lásán. Lọ́ọ̀kì, ìyẹn iyàrá omi tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn tí a fi ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò dọ́gba káàkiri. Ọ̀pọ̀ lọ́ọ̀kì àárín ilẹ̀ náà kò fẹ̀ ju nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ, nítorí náà ọkọ̀ tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10 kò lè gba ibẹ̀ kọjá sí àríwá rárá. Ní ti gígùn, àwọn lọ́ọ̀kì kánáàlì Leeds àti Liverpool, èyí tó gba Skipton kọjá, kúrú láti Wigan sí Leeds, ọkọ̀ tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 62 lọ kì í wọ ibẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 70 lè tipa bẹ́ẹ̀ rin ìrìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ láti Braunston dé Wigan kó tó mọ̀ pé Skipton kò ṣeé dé. Lọ́ọ̀kì ọ̀nà omi Calder àti Hebble tún kúrú jù bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 57 ni. Àwọn omi kan tilẹ̀ wà tí kò so mọ́ èyí tó kù rárá, bíi kánáàlì Monmouthshire àti Brecon ní Wales, orí lọ́rì nìkan ni ọkọ̀ fi ń débẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wádìí bóyá ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Canal & River Trust, àjọ tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ British Waterways ní ọdún 2012, ló ń bójú tó nǹkan bíi máìlì 2,000 kánáàlì àti odò ní England àti Wales, wọ́n sì máa ń kéde àwọn ibi tí wọ́n bá tì pa sórí ìkànnì wọn. Ìgbà òtútù, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ni wọ́n máa ń gbẹ omi lọ́ọ̀kì láti tún un ṣe, nítorí náà ẹni tó bá ra ọkọ̀ ní oṣù kẹwàá gbọ́dọ̀ ka ìkéde wọ̀nyí dáadáa kó tó ṣí. Kì í ṣe àtúnṣe nìkan ló ń ti ọ̀nà. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2025, lẹ́yìn òjò ńlá, bèbè kánáàlì Bridgewater ya nítòsí Little Bollington, omi sì tú jáde, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbà lọ sí Wigan di èyí tí kò ṣeé gbà mọ́. Ní ọdún yẹn kan náà, ọ̀dá òjò mú kí wọ́n ti apá gígùn kan pa lórí kánáàlì Leeds àti Liverpool. Ẹni tó ń lọ sí Skipton gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà kejì. Láti yẹra fún ibi tí bèbè ti ya, ó lè yà ní Kidsgrove, kó gba kánáàlì Macclesfield, Peak Forest àti Ashton dé Manchester, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́ọ̀kì tí yóò bá pàdé lójú ọ̀nà yẹn pọ̀ gan-an. Kí ẹ fi máàpù méjèèjì sínú ọkọ̀ kí ẹ tó ṣí.

Ọ̀rọ̀ ìwé kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ fi falẹ̀. Ìwé àṣẹ ọkọ̀ kì í bá ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á; olùrà ló gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀. Wọn kò ní fún un láìsí ìwé adójútòfò àti ìwé ẹ̀rí ààbò ọkọ̀, èyí tí ó máa ń wúlò fún ọdún 4, nítorí náà ẹ wo ọjọ́ tí yóò parí. Nọ́ḿbà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ hàn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹlòmíràn ló ni kánáàlì Bridgewater, apá odò Thames tí omi òkun kì í wọ̀ sì wà lábẹ́ Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká. Bí ọ̀nà yín bá kan ibi tó jọ bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ìlànà wọn ṣáájú. Kí ẹ sì bi iléeṣẹ́ adójútòfò bóyá ó kan ìrìn lórí odò tí omi òkun ń wọ̀, tí ó bá wà lójú ọ̀nà yín.

Ní báyìí, ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Mo rọ gbogbo ẹni tó bá ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí wọ́n má ṣe ra ọkọ̀ tí a kò gbé jáde kúrò nínú omi kí onímọ̀ ọkọ̀ fi ẹ̀rọ wọn bí irin abẹ́ rẹ̀ ṣe nípọn tó. Irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òde òní máa ń nípọn tó mìlímítà 10 nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án, ti ẹ̀gbẹ́ sì máa ń tó 6. Ìpẹtà ló ń jẹ ẹ́ kù díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bẹ olùtà kó bá yín tu ọkọ̀ fún wákàtí díẹ̀, kó sì jẹ́ kí ẹ rí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń tan nígbà tó tutù, kì í ṣe èyí tó ti mú gbóná sílẹ̀ dè yín. Ọkọ̀ tó ti dúró pẹ́ máa ń ní omi àti ìdọ̀tí nísàlẹ̀ táǹkì dísẹ́ẹ̀lì. Ní kété tí ọkọ̀ bá ń mì lójú ọ̀nà, ìdọ̀tí náà á ru sókè, á sì dí asẹ́ epo. Ẹ ra asẹ́ tuntun méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì kọ́ bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà lórí ìso.

Ohun kan tó yẹ kí ẹ fojú ara yín rí ni ihò kékeré tó wà nídìí ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní weed hatch. Inú rẹ̀ lẹ ó ti máa ki ọwọ́ bọ omi láti yọ okùn, ọ̀rá àti koríko tó bá wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ síwájú. Kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò. Bí ẹ bá sì ṣe tán, ẹ dé ìdérí rẹ̀ dáadáa, ẹ fún un pinpin, kí ẹ sì wò ó fúnra yín kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Ìdérí tí kò fún lè jẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ máa da omi sínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì ti rì báyìí rí láìjẹ́ pé ó kọ lu ohunkóhun.

Ní ti ìṣirò ọjọ́, ẹ má ṣe fi máìlì nìkan ka á. Ẹ ka máìlì 3 sí wákàtí kan, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú 15 sí lọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀nà bá jẹ́ máìlì 100 tó ní lọ́ọ̀kì 100, máìlì yóò gba nǹkan bíi wákàtí 33, lọ́ọ̀kì yóò gba wákàtí 25, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 58. Ẹni tó bá ń tu ọkọ̀ fún wákàtí 6 lóòjọ́ yóò lo nǹkan bí ọjọ́ 10, láìka ọjọ́ ìsinmi, ìjì àti ìtò lẹ́nu lọ́ọ̀kì mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì máa ń jẹ nǹkan bíi lítà 1 sí 1.5 ní wákàtí kan, nítorí náà ìrìn yẹn kò gbọ́dọ̀ gba ju lítà 90 lọ. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má ṣe ju wákàtí 4 lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì yan ibi tí lọ́ọ̀kì kò pọ̀ sí.

Ọkọ̀ yìí lè wúwo ju tọ́ọ̀nù 15 lọ, kò sì ní bíréèkì. Yíyí ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn ló ń dá a dúró, bí ó bá sì ti ń lọ sẹ́yìn, ọ̀pá ìtọ́kọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Ẹ dín ìrìn kù nígbà tí ohun tí ẹ fẹ́ yà fún ṣì jìnnà. Bí ẹ bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n so, ẹ dín in kù gan-an, torí omi tí ẹ bá tì yóò fa èèkàn wọn tu. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ na ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ síta láti fi ti ọkọ̀ kúrò lára ògiri. Ẹ jẹ́ kó gbá a. Bí ènìyàn bá já sómi, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú jíà, kí abẹ̀bẹ̀ dá dúró. Nínú kánáàlì, ẹni náà sábà máa ń lè dìde dúró.

Ibi tó yẹ kí ojú yín là jù lọ ni inú lọ́ọ̀kì nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Lábẹ́ ilẹ̀kùn òkè ni òkúta kan wà tó yọ wá síwájú sínú iyàrá náà, cill ni wọ́n ń pè é, omi sì bò ó mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ kọ́kọ́ wọlé. Ìlà funfun kan lára ògiri máa ń fi ibi tó dé hàn. Bí ìdí ọkọ̀ bá wà lẹ́yìn ìlà yẹn nígbà tí omi ń fà, yóò gúnlẹ̀ sórí òkúta náà, iwájú ọkọ̀ yóò sì máa bá omi lọ sílẹ̀. Ọkọ̀ á dagun, omi á gba iwájú wọlé, ọkọ̀ á sì rì ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó wà nídìí ọ̀pá ìtọ́kọ̀ kò gbọdọ̀ gbé ojú kúrò lára ìlà yẹn, ẹni tó wà lókè tó di irin ìyípo mú, èyí tí a fi ń ṣí àwọn ojú ihò tí omi ń gbà wọlé àti jáde, kò sì gbọdọ̀ gbé ojú kúrò lára ẹni ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ìdí ọkọ̀ há, ẹ sáré pa àwọn ojú ihò ìsàlẹ̀ dé kí omi dẹ́kun àtijáde, lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí ti òkè díẹ̀díẹ̀ kí omi tún gbé ọkọ̀ sókè. Ẹ kò gbọdọ̀ so okùn ní ìdè tí kò ṣeé tú kíákíá nígbà tí omi bá ń lọ sílẹ̀, torí ọkọ̀ á fi okùn rọ̀. Ẹ lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan mọ́ òpó, kí ẹ máa tú u díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá ń gòkè ńkọ́? Imú ọkọ̀ ni kí ẹ máa wò, kó má baà há sábẹ́ igi ilẹ̀kùn.

Ihò abẹ́ òkè ní Harecastle, nítòsí Kidsgrove, tó gùn ju máìlì kan àti ààbọ̀ lọ, kò gba ọkọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ń pinnu ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọlé, wọ́n sì ní wákàtí tí wọ́n ń ṣí i, torí náà ẹ wo àkókò náà ṣáájú. Ẹ wọ ẹ̀wù gbígbóná àti ẹ̀wù ìmúléfòó, ẹ sì tan iná iwájú. Bí ọ̀nà yín bá gba odò, bíi Trent tàbí Soar, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, torí odò ní ìṣàn. Ìdákọ̀ró pẹ̀lú ṣéènì àti okùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti so mọ́ ọkọ̀ kí ẹ tó wọ odò. Bí àmì omi ibẹ̀ bá sì fi pupa hàn, ẹ so ọkọ̀, ẹ dúró, ìbáà ṣe ọjọ́ mélòó.

Ní alaalẹ́, ẹ yí gírísì sí ibi tí ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ ti gba ara ọkọ̀ jáde títí ẹ ó fi rí i pé omi kò kán mọ́, kí ẹ sì wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bóyá omi ń pọ̀ sí i. Ní àràárọ̀, ẹ wo ọ́ìlì kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ dán aago tó ń kìlọ̀ nípa gáàsì carbon monoxide wò, pàápàá bí ẹ bá ń dá iná sínú sítóòfù lálẹ́. Ibi púpọ̀ lẹ lè so ọkọ̀ mọ́ bèbè fún tó ọjọ́ 14, ṣùgbọ́n ẹ ka pátákó, nítorí ibòmíràn kì í ju wákàtí 24 tàbí 48 lọ.

Ẹni tí àyè kò gbà á lè bẹ atukọ̀ tó mọṣẹ́ lọ́wẹ̀, tàbí kó gbé ọkọ̀ sórí lọ́rì. Lọ́rì yá, àmọ́ ẹ̀rọ agbẹ́rù ni yóò gbé ọkọ̀ ní ìkángun méjèèjì, owó rẹ̀ sì ń ga. Èmi yóò yàn án bí wọ́n bá ti ọ̀nà pa, tàbí bí onímọ̀ bá sọ pé irin ọkọ̀ kò lágbára tó fún ìrìn gígùn.

Kí ẹ tó dé èbúté ní nǹkan bí ọjọ́ méjì, ẹ pe alábòójútó ibẹ̀. Ẹ béèrè ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ yóò kọ sí, bí omi ṣe jìn tó, àti ibi tó sún mọ́ jù lọ tí ẹ ti lè yí ọkọ̀ padà, nítorí ọkọ̀ gígùn kì í yí níbi tó bá wù ú. Bí ẹ bá ti so ó tán, ẹ ti gáàsì, ẹ yí gírísì, kí ẹ sì dá àyè díẹ̀ sílẹ̀ lára okùn. Ẹ padà wá wò ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tún okùn so bí omi bá ti gòkè tàbí fà, kí ẹ sì tún wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó fi í sílẹ̀ lọ sílé.