Ẹ̀ ń bá gáìdì wọ Grand Canyon lọ: nǹkan tó máa ń dà rú lọ́nà àti ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá gáìdì, ìyẹn ẹni tó ń fọ̀nà hàn yín, wọ inú Grand Canyon, àfonífojì jíjìn (kányọ̀nù) tó wà ní Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kẹ́ ẹ sun inú tẹ́ńtì níbẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, nǹkan kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ná. Òkè lásán, ẹ máa kọ́kọ́ gùn ún nígbà tágbára ṣì wà lára, tó bá rẹ̀ yín ẹ máa ṣẹ́rí padà, ó parí. Kányọ̀nù ò rí bẹ́ẹ̀, sísọ̀kalẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wá, ara á yá gágá, ẹ̀rín á pọ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá dé ìsàlẹ̀ létí odò Colorado tẹ́ ẹ gbójú sókè lẹ máa tó mọ̀ pé ọ̀nà tó le gan-an ló kù yẹn. Ìdí nìyẹn tí ìṣòro fi máa ń pẹ́ kó tó fojú hàn. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nípa ẹ̀ rèé.

Ìbéèrè: Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní South Kaibab la bá sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ká tó dé àgọ́, gìgísẹ̀ mi ti lé ròrò, èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti ń dúdú. Ṣé mo ṣì lè fẹsẹ̀ yìí jáde báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ lè fi jáde, tẹ́ ẹ bá tọ́jú ẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ má fi dọ̀la. Ọ̀nà yẹn ò gùn tó bẹ́ẹ̀, kìlómítà 11 péré ni látòkè dé Bright Angel Campground, àgọ́ tó wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó mítà 1,450 tẹ́ ẹ fi sọ̀kalẹ̀ láàárín ẹ̀, gbogbo ìṣísẹ̀ lọmọ ìka ẹsẹ̀ ń lọ gbá iwájú bàtà. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ èékánná ló sọ ọ́ di dúdú, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì fà á. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé téèyàn bá ń gòkè, ọmọ ìka ò ní máa gbá bàtà mọ́, gìgísẹ̀ ló máa wá jìyà, torí náà ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ kọjú sí.

Ẹ fomi fọ ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Tí ròrò yẹn bá kéré tí kò sì dun yín, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Tó bá tóbi, tó sì jẹ́ ibi tí bàtà ń fara gbo ló wà, ẹ ní kí gáìdì bá yín wò ó, wọ́n máa ń ní abẹ́rẹ́ tó mọ́ nínú àpótí ìtọ́jú wọn, etí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti máa gún un kí omi inú ẹ̀ ṣàn jáde, awọ orí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ má ṣí kúrò rárá torí òun ló ń bo ẹran tútù tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú fóòmù tó ń lẹ̀ mọ́ ara, ẹ gé ihò sí àárín ẹ̀ kí ròrò yẹn lè jókòó sínú ihò náà, kó jẹ́ pé fóòmù ni bàtà ń tẹ̀, kì í ṣe egbò. Ẹ wá fi téèpù dè é, ẹ fọwọ́ tẹ etí téèpù náà títí tí kò fi ní ká sókè mọ́, torí etí tó ká yẹn náà tún lè dá egbò tuntun sílẹ̀. Sọ́kìsì gbígbẹ ni kẹ́ ẹ wọ̀ láàárọ̀.

Fáwọn tí ò tíì lọ, ẹ gé èékánná yín kúrú ní bí ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ẹ má gé e láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbéra. Lójú ọ̀nà, ibi tó bá ti ń gbóná lẹ́sẹ̀ yín, ẹ sọ̀rọ̀ kó tó di ròrò. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti èèyàn láti dá gbogbo ẹgbẹ́ dúró, àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ tẹ́ ẹ fi dúró yẹn, ẹ ti gba odindi ọjọ́ sílẹ̀ fún gbogbo yín nìyẹn, gáìdì tó bá mọṣẹ́ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ká máa mu omi, mo sì ń mu ún ṣáá. Síbẹ̀ orí ń fọ́ mi, èébì ń gbé mi, ọwọ́ mi wú débi pé òrùka ò yí mọ́. Ṣé kí n fi kún omi tí mò ń mu ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ dúró ná. Òùngbẹ nìkan kọ́ ló ń pani nínú aginjù. Téèyàn bá ń làágùn, iyọ̀ ń bá òógùn lọ, tẹ́ ẹ bá wo ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì yín nígbà tó bá gbẹ ẹ máa rí ìlà funfun funfun níbẹ̀, iyọ̀ ara yín ni. Tó bá wá jẹ́ pé omi lásán lẹ̀ ń dà sí i láìjẹun, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀ jù, àìsàn gidi ni, ó lè dá gìrì síni lára, ó sì lè pààyàn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé orí fífọ́ àti èébì, ẹni tí omi ò tó lára ẹ̀ náà máa ń ní in. Ẹ wo ìtọ̀ yín. Tó bá mọ́ gaara bí omi, tẹ́ ẹ sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí omi ń ró pọ̀ọ̀pọ̀ọ̀ nínú ikùn yín, tẹ́ ẹ ò sì tíì jẹ nǹkan kan látàárọ̀, iyọ̀ lẹ nílò. Ẹ wá ibòji jókòó, ẹ jẹ nǹkan oníyọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ fi omi mímu sílẹ̀ títí ara fi máa balẹ̀. Tí ìtọ̀ bá dúdú, tí kò sì wá dáadáa, tí ẹnu ń gbẹ, omi lẹ nílò, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa jẹun sí i. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ sọ fún gáìdì lójú ẹsẹ̀, ẹ má ní ó máa lọ fúnra ẹ̀.

Èyí téèyàn ò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀ rárá ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tó kàn ń bínú sáwọn èèyàn láìnídìí, pàápàá tí ara ẹ̀ bá gbóná janjan. Ooru ti wọ orí ẹ̀ nìyẹn. Ẹ má dúró wò bóyá òógùn ṣì wà lára ẹ̀ tàbí kò sí, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i látorí dé ẹsẹ̀, ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí gáìdì máa pe ìrànlọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ sátẹ́láìtì nígbà tẹ́yin ń ṣe ìyẹn lọ́wọ́. Omi tẹ́ ẹ fẹ́ mu náà kẹ́ ẹ dà á sí i lára.

Ìbéèrè: Gáìdì wa ń jí wa ní aago mẹ́ta ààbọ̀ òru, tó bá wá di aago mẹ́wàá àárọ̀ ó ní ká lọ jókòó sétí omi títí di ìrọ̀lẹ́. Owó kékeré kọ́ la san. Ṣé kì í ṣe pé ó ń ṣọ̀lẹ ni?

Ìdáhùn: Ohun tẹ́ ẹ sanwó fún gan-an ló ń ṣe fún yín yẹn. Àwọn tó ń bójú tó ọgbà Grand Canyon fúnra wọn ló ní kéèyàn má rìn láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i, tẹ́ ẹ bá fi máa sọ̀kalẹ̀ tó 300 mítà ó ti fi bíi 3°C lé sí i, àpáta tó yí yín ká ń gba oòrùn sára ó sì ń bù ú padà lù yín. Lóṣù kẹfà àti ìkeje ó máa ń kọjá 40°C nísàlẹ̀, nínú ibòji nìyẹn o, ẹ wá lọ dúró sínú oòrùn. Tẹ́ ẹ bá wà létí omi, ẹ rẹ ṣẹ́ẹ̀tì àti fìlà yín sómi kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó máa ń gbẹ kíá, ẹ tún un rẹ. Odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Bright Angel Creek ni kẹ́ ẹ lọ jókòó sí, ó rọra ń ṣàn. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ nínú Colorado, ó lè rí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ létí, àmọ́ omi yẹn tutù ó sì lágbára, ó ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ.

Ìbéèrè: A dé ibi tí wọ́n ní táàpù wà, kò sí omi níbẹ̀. A fẹ́ sẹ́ omi odò, àfi ẹrẹ̀, fíltà ti dí pa. Kí la máa ṣe?

Ìdáhùn: Páìpù tó ń gbé omi wá sínú kányọ̀nù ti dàgbà, àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rì í, ó sì ti bẹ́ ju ìgbà 85 lọ láti ọdún 2010, torí náà táàpù tó ń yọ omi lánàá lè má yọ lónìí. Ọ́fíìsì ọgbà náà máa ń sọ èyí tó ń ṣiṣẹ́, kí gáìdì wò ó láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbéra. South Kaibab ò ní omi kankan rárá látòkè dé ìsàlẹ̀, ẹ gbé gbogbo omi yín dání.

Ní ti ẹrẹ̀, ẹ má fi fíltà kọ́kọ́ kàn án. Ẹ pọn omi yẹn sínú korobá tàbí ìkòkò tẹ́ ẹ fi ń se oúnjẹ, ẹ gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní fẹsẹ̀ gbá a, ó dáa kó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá ní álọ́ọ̀mù, èròjà tó ń mú kí ẹrẹ̀ wálẹ̀ nínú omi, ìwọ̀nba fíńfín lẹ máa bù sí i kẹ́ ẹ rò ó, ẹrẹ̀ á sọ̀kalẹ̀ lọ jókòó sísàlẹ̀ láìpẹ́. Omi tó tòrò lókè ni kẹ́ ẹ rọra bù, ẹ wá fi fíltà sẹ́ ẹ. Fíltà tó ti dí, ẹ fi omi tó mọ́ tì í láti ẹ̀yìn kí ẹrẹ̀ tú jáde. Tí kò bá tún lọ, ẹ sẹ́ omi náà pẹ̀lú aṣọ kẹ́ ẹ sì sè é.

Ìbéèrè: Ọ̀kẹ́rẹ́ já báàgì mi sí méjì, ó jẹ gbogbo ẹ̀pà mi.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà o. Àpótí irin wà ní àwọn àgọ́ ńlá ibẹ̀, gbogbo nǹkan tó bá ní òórùn ni kẹ́ ẹ kó sí i, àti ọṣẹ àti ìpara. Ẹ ṣí gbogbo sípù báàgì sílẹ̀ gbayawu lálẹ́, kí wọ́n lè wọlé jáde láìjẹ ẹ́, ẹyẹ ìwò pàápàá mọ sípù ṣí. Ẹ má fún ọ̀kẹ́rẹ́ lóúnjẹ láéláé bó ti wù kó wuyì tó, wọ́n máa ń géni jẹ, eégbọn ara wọn sì lè gbé àrùn.

Ìbéèrè: Àkéekèe ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó wà. Ẹ gbọn bàtà yín láàárọ̀, ẹ má rìn lẹ́sẹ̀ lásán lálẹ́, ẹ má ki ọwọ́ sábẹ́ òkúta. Tó bá ta yín, ó máa dun yín gan-an, àgbàlagbà sábà máa ń yè é láìsí wàhálà, ọmọdé ni ká sáré sí.

Ìbéèrè: Ibì kan tó tẹ́jú tó sì ní yanrìn múlọ́múlọ́ la rí, gáìdì kọ̀ jálẹ̀ pé a ò ní pàgọ́ síbẹ̀, ó kó wa lọ sórí òkúta. Ojú ọ̀run sì mọ́ kedere. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Ojú odò gbígbẹ lẹ rí yẹn. Láàárín oṣù keje sí ìkẹsàn-án, òjò lè rọ̀ níbi tó jìnnà réré síbi tẹ́ ẹ wà, ilẹ̀ aginjù ò sì yára fa omi, gbogbo ẹ̀ á kóra jọ wọ inú àfonífojì tóóró yẹn, á bọ́ sí yín lára pẹ̀lú òkúta àti igi nínú. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2024, irú àgbàrá bẹ́ẹ̀ ya wọ Havasu Canyon, àfonífojì kan tó ya láti ara Grand Canyon, ẹ̀mí lọ sí i, wọ́n sì fi hẹlikópítà kó ọ̀pọ̀ èèyàn jáde. Tí omi tẹ́ ẹ ń wò bá ṣàdédé di pupa, tàbí tẹ́ ẹ gbọ́ ìró bíi ti ọkọ̀ ojú irin, ẹ sá gòkè, ẹ fi báàgì sílẹ̀.

Ní ti òkúta tí èèkàn tẹ́ńtì ò lè wọlé sí, ẹ so okùn mọ́ òkúta ńlá, tàbí kẹ́ ẹ gbé òkúta lé orí èèkàn tẹ́ ẹ fi dùbúlẹ̀. Ó máa ń dúró dáadáa.

Ìbéèrè: Aago orí fóònù mi ń fi wákàtí kan sáré, díẹ̀ ló kù kí n pàdánù ẹgbẹ́ mi.

Ìdáhùn: Arizona kì í yí aago padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ Utah àti ilẹ̀ Navajo tó wà nítòsí máa ń yí i, fóònù yín ti gba àmì láti ọ̀dọ̀ wọn ni. Ẹ fọwọ́ yàn án sí aago Phoenix kẹ́ ẹ wá pa nẹ́tíwọ̀kì, bátìrì náà á pẹ́.

Ìbéèrè: Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ lọ. A ti wà nísàlẹ̀, eékún wọn ti wú, wọ́n ní àwọn ò lè gun kìlómítà 15 lọ́la. Ṣé ká pe hẹlikópítà ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá mi kí wọn. Ẹni tí ẹ̀mí ẹ̀ wà nínú ewu ni hẹlikópítà wà fún, eékún tó wú tí wọ́n ṣì lè fi tẹ ilẹ̀, ọ̀nà míì wà tá a lè gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti ẹsẹ̀ yẹn bọ omi tútù lálẹ́ òní, kí wọ́n gbé e sókè, kẹ́ ẹ fi báńdéèjì dì í, kó má fún jù. Kí gáìdì lọ bá rénjà, òṣìṣẹ́ ọgbà tó wà nísàlẹ̀, sọ̀rọ̀ báyìí, kì í ṣe lọ́la, bóyá wọ́n á lè tún pámíìtì yín, ìwé àṣẹ tẹ́ ẹ fi ń sùn níbẹ̀, ṣe kẹ́ ẹ fi sùn ní àgọ́ Havasupai Gardens, tẹ́ ẹ bá ń gòkè láti ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ti ju ìdajì ọ̀nà Bright Angel, ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà jáde, lọ, á wá di ọjọ́ méjì dípò ọjọ́ kan. Gígòkè máa ń gba ìlọ́po méjì àsìkò tí èèyàn fi sọ̀kalẹ̀, ti wọn lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kí wọ́n fi ọ̀pá ìrìn méjèèjì dání, kí ìṣísẹ̀ wọn kéré, kó jẹ́ pé wọ́n ṣì lè máa bá yín sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ, tí wọn ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́ ẹ dín eré kù. Àwọn ni kẹ́ ẹ fi ṣíwájú, kì í ṣe ẹ̀yìn, kí gbogbo ẹgbẹ́ máa bá wọn rìn bí wọ́n ṣe ń rìn. Tí ìbaaka bá ń bọ̀, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ òkè, kí ẹ̀gbọ́n fi àsìkò yẹn sinmi. Báàgì wọn ni kẹ́ ẹ tú lálẹ́ òní kẹ́ ẹ pín ẹrù inú ẹ̀ láàárín ara yín, kó má ku ohunkóhun fún wọn láti gbé ju omi àti oúnjẹ tí wọ́n máa jẹ lójú ọ̀nà.