Bí ẹ ṣe lè ṣètò fíìmù experimental àwọn lẹ́síbíàn fún ará àdúgbò ní London

Ẹ kọ́kọ́ mú fíìmù, ẹ má tíì wá họ́ọ̀lù o. Fíìmù experimental kì í sábà ní ìtàn tó lórí tó nídìí, àwòrán àti ohùn àti bí wọ́n ṣe gé e tí wọ́n tún tò ó ló fi ń sọ̀rọ̀, torí náà ẹni tí ò rí irú ẹ̀ rí lè dìde máa lọ tẹ́ ẹ bá fi èyí tó gùn bẹ̀rẹ̀. Dyketactics tí Barbara Hammer ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1974 ò ju bí ìṣẹ́jú 4 lọ, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn fíìmù àkọ́kọ́ tí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nípa ìfẹ́ wọn. Èmi á fi ìyẹn ṣáájú. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ lè mú èyí tí Sadie Benning fi kámẹ́rà ìṣeré ọmọdé yà nínú yàrá ní 1990, If Every Girl Had a Diary, kẹ́ ẹ wá fi Janine tí Cheryl Dunye, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ṣe lọ́dún yẹn kan náà tẹ̀ lé e, torí kò dáa kó jẹ́ ojú òyìnbó nìkan làwọn èèyàn máa rí. Gbogbo ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tó bá yá.

Wàyí o, pé fíìmù wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò ní kẹ́ ẹ kàn gbé e fún èrò wò. Ẹ kọ íméèlì sí àwọn tó ń pín in: Cinenova àti LUX wà ní London níbí, Canyon Cinema wà ní San Francisco, Video Data Bank ní Chicago. Ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́, iye àga, bóyá ẹ máa gbowó tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á dá yín lóhùn pẹ̀lú iye tẹ́ ẹ máa san. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ san án. Àwọn obìnrin yìí ò rówó ńlá kankan fi ṣe iṣẹ́ yìí, tí àwa náà ò bá san, ta ló fẹ́ san?

Họ́ọ̀lù wá ńkọ́? Láti April 2015, òfin ilẹ̀ England ò béèrè láísẹ́ńsì mọ́ tó bá jẹ́ họ́ọ̀lù àdúgbò, tí kì í ṣe torí èrè, tí èrò ò ju 500, láàárín aago 8 àárọ̀ sí 11 alẹ́, kí àwọn tó ni họ́ọ̀lù sì ti fọwọ́ sí i. Fíìmù ṣì gbọ́dọ̀ ní iye ọjọ́ orí tí BBFC (àjọ tó ń sọ ọjọ́ orí ẹni tó lè wo fíìmù) tàbí káńsù fún un, ẹ tètè bi káńsù torí ọ̀pọ̀ fíìmù kéékèèké yìí ni ò ní.

Ẹ dán projẹ́ktọ̀ àti sípíkà wò kí ọjọ́ tó pé. Fíìmù míì ò lóhùn rárá, bí ẹni tó ṣe é ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ẹ má lọ fi músíìkì sí i. Tí iná bá ń ṣẹ́jú nínú ẹ̀, ẹ kìlọ̀ sílẹ̀ nítorí ẹni tó ní wárápá.

Èyí tó ká mi lára jù ni ààbò. Nínú àwọn ọmọ Yorùbá tó máa wá, ẹni tí ìyá ẹ̀ ò tíì mọ̀ pé obìnrin ló ń fẹ́ máa wà níbẹ̀, òfin Nàìjíríà ti 2014 sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lé ẹni tó bá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ irú ẹ̀, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ má ṣe é ní gbangba o. Ní London náà, kò sí fọ́tò, kò sí fídíò, orúkọ ìnagijẹ tó lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé orúkọ ẹlòmíì lọ sórí WhatsApp.

Tí iná bá tàn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ. Ìdí tí mo ṣe ní kó mọ ní wákàtí kan nìyí, ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ lé e ló ni ọjọ́ náà. Ẹ yí àga sí ara wọn, ẹ gbé puff-puff àti nǹkan mímu sí àárín, ẹ má béèrè pé kí ló túmọ̀ sí, torí gbogbo èèyàn á dákẹ́ bíi pé ìdánwò ni. Ẹ béèrè pé kí lẹ rí, kí lẹ gbọ́, ibo lara yín ti bù máṣọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà obìnrin tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ojú wọn ti rí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi iye èrò tó wá ránṣẹ́ sí àwọn tó fún yín ní fíìmù, kẹ́ ẹ sì san owó tó bá kù.