Oúnjẹ Alẹ́ Tó Ń Ṣara Lóore: Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Sè É Nílé láti Ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́ Ẹtì

Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kó tó máa ro ohun tí ará ilé yóò jẹ, onítọ̀hún ti pẹ́. Yóò ra ìrẹsì àti ẹran díndín lọ́wọ́ olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà, tàbí kí ó se núdù kíákíá kí àwọn ọmọ lè jẹun kí wọ́n sì sùn. Ènìyàn mẹ́fà ni mò ń gbọ́únjẹ fún ní Òṣogbo níbí, ọmọ mẹ́ta sì wà nínú wọn, pẹ̀lú ìyá ọkọ mi tí dókítà ti kìlọ̀ fún nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí mo rí ni pé ọjà àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni oúnjẹ alẹ́ gbogbo ọ̀sẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá kù fún ìdí àdògán ní ìrọ̀lẹ́ kò yẹ kó ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ kọ oúnjẹ alẹ́ márààrún sórí ìwé, kí ẹ sì tò wọ́n bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́ sí: ẹ̀fọ́ àti ẹja tútù ṣáájú, iṣu tẹ̀ lé e, ẹ̀wà àti ìrẹsì lè dúró dè yín. Ọjà Ìgbọ̀nà ni èmi máa ń ná. Àwọn tó ń gbé nítòsí ààfin Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, lè rí gbogbo rẹ̀ rà ní Ọjà Ọba. Ẹ ra tòmátì, tàtàsé, ata rodo àti àlùbọ́sà tí yóò kún ìkòkò ńlá kan. Nígbà tí tòmátì bá gbówó lórí, ẹ jẹ́ kí tàtàsé àti àlùbọ́sà pọ̀ ju tòmátì lọ, ọbẹ̀ náà kò ní burú. Ẹ ra irú, ẹ̀wà, èlùbọ́, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti ẹyin. Ẹ̀fọ́ tí ẹ ó jẹ ní Ọjọ́ Ajé nìkan ni kí ẹ rà. Ẹ má fọ̀ ọ́ sílẹ̀, nítorí omi ló ń mú un rà, ẹ fi ìwé gbígbẹ wé e kí ẹ sì gbé e síbi tó tutù. Ẹ̀fọ́ ti Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, ẹ ó rà á lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń pàtẹ lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí ẹ bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Ní ti ẹja, ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwa ará Òṣogbo, tí Àtáọ́ja, oyè ọba wa, ti inú títẹ́wọ́ gba ẹja jáde, ni a ń fi ẹran màlúù àti pọ̀nmọ́ ṣe olórí ọbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹja ṣáwá kò wọ́n tó ẹran, ọ̀rá inú rẹ̀ sì dára fún ọkàn ju ọ̀rá ẹran lọ. Pọ̀nmọ́ dùn lẹ́nu, èmi náà ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà fún ọmọ tó ń dàgbà.

Ìkòkò ata Ọjọ́ Àìkú

Ìkòkò yìí ni ó gbé gbogbo ètò náà ró. Ẹ gbé ata lọ sí ẹ̀rọ, tàbí kí ẹ fi bílẹ́ńdà lọ̀ ọ́ bí iná bá wà, kí ẹ sì dá ata rodo lọ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ lè bu ti àwọn ọmọ kéékèèké kí ó tó ta. Ẹ da tòmátì, tàtàsé àti àlùbọ́sà lílọ̀ náà sínú ìkòkò, ẹ má fi epo tàbí iyọ̀ sí i, kí ẹ sì sè é lórí iná tí kò pọ̀ jù títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ tí yóò sì ki, èyí tó lè gbà tó ìṣẹ́jú 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa rò ó kí ó má baà jóná nísàlẹ̀. Bí ó bá ti tutù, ẹ pín in sí ike márùn-ún, ti alẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò wà nínú fíríìjì, méjì yòókù yóò sì wọ ibi tó ń di yìnyín.

Gbogbo wa la mọ bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe wá. Mo ti da odindi ìkòkò ọbẹ̀ nù rí nítorí pé iná lọ fún ọjọ́ méjì, láti ìgbà náà ni mo sì ti padà sí ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe kí fíríìjì tó dé: bí iná bá ti lọ títí ilẹ̀ fi ṣú, gbogbo ata tó kù yóò padà sórí iná, yóò hó dáadáa, a kò sì ní fi ṣíbí tútù kàn án mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Èyí kò lè gbà yín ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ. Ata tó bá ti ń yọ ìfóófòó, tí òórùn rẹ̀ sì ti kan, ẹ dà á nù. Sísè kò lè tún un ṣe.

Àtúnṣe tó tóbi jù lọ wà nínú epo àti iyọ̀, ibẹ̀ náà ni àríyànjiyàn sì ti máa ń wáyé nínú ilé. Epo pupa tí a bá yọ́ títí tó fi funfun, tí èéfín fi gba ilé kan, ti pàdánù èròjà tó sọ ọ́ di pupa, èyí tí ara ń yí padà sí fítámì A tó wúlò fún ojú. Ẹ jẹ́ kí epo gbóná díẹ̀, kí ẹ sì da àlùbọ́sà lé e kí ó tó máa rú èéfín. Ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n: ṣíbí ìjẹun márùn-ún sí mẹ́fà tó fún ìkòkò ọbẹ̀ ènìyàn mẹ́fà. Ní ti iyọ̀, ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ni pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí tíì kékeré kan, iyọ̀ inú búrẹ́dì àti kúọ̀bù ìsebẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú kúọ̀bù, nítorí náà ẹni tó bá fi kúọ̀bù mẹ́ta sínú ìkòkò, tó tún wá bu iyọ̀ sí i, ti fi iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Irú, àlùbọ́sà, ẹja gbígbẹ àti ata ni kí ẹ fi wá adùn. Ìyá ọkọ mi ráhùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé ọbẹ̀ mi tẹ́. Ní báyìí, àwọn gan-an ni wọ́n ń sọ pé iyọ̀ ọbẹ̀ òde ti pọ̀ jù. Ẹ kàn rí i pé ẹ tọ́ irú wò kí ẹ tó rà á, torí àwọn tó ń tà á máa ń fi iyọ̀ sí òmíràn kí ó má baà bàjẹ́.

Láti alẹ́ dé alẹ́

Ọjọ́ Ajé ni ti ẹ̀fọ́ rírò. Fún ènìyàn mẹ́fà, ìdì ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ mẹ́rin sí márùn-ún kò pọ̀ jù, nítorí pé ẹ̀fọ́ máa ń fún pọ̀ bí iná bá ti kàn án. Ẹ fọ̀ ọ́ ní odindi lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú omi púpọ̀ kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ títí tó fi dúdú, tí a tún wá fún bí ẹni ń fún aṣọ, ti fi èyí tó pọ̀ nínú oore rẹ̀ sílẹ̀ sínú omi tí a dà nù. Omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan ti tó, kí ẹ sì fi ajọ̀ sẹ́ ẹ. Ẹ gbé epo kaná, ẹ fi àlùbọ́sà àti irú sí i, ẹ da ike ata kan lé e pẹ̀lú ata rodo àti ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀, kí ó jinná pọ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó da ẹ̀fọ́ sí i gbẹ̀yìn. Ẹ má dé e. Láàárín ìṣẹ́jú 5, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ gbúre ni ẹ rí rà, kò sí ìdí fún omi gbígbóná rárá, nítorí omi ti pọ̀ nínú rẹ̀ jù; ẹ jẹ́ kí ata gbẹ dáadáa dè é.

Àmàlà ni a ó fi jẹ ẹ́, bí a sì ṣe ń bù ú ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹ̀fọ́ ni kó gba ìdajì àwo, kí òkèlè má ju ìkúùkù ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ. Àwọn kan gbà pé àmàlà dúdú tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò lè ṣe aláàrùn àtọ̀gbẹ ní nǹkan, wọ́n á sì jẹ ẹ́ bí òkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yálà iṣu ni o, yálà láfún ni o, yálà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ara ń sọ ọ́ di ṣúgà, bí ó sì ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe kókó.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀wà. Ẹ rẹ agolo mẹ́ta sínú omi kí ẹ tó jáde láàárọ̀, kí ẹ da omi náà nù ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì fi omi tuntun sè é. Yóò tètè jinná, kò sì ní máa fi inú ṣe àwọn àgbà. Ẹ fi kaun sílẹ̀. Lóòótọ́ ni ó ń mú ẹ̀wà rọ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́, ohun tí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ń sá fún nínú iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Rírẹ ẹ̀wà ti ṣe iṣẹ́ kaun. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀ jẹ ẹ́ dípò dòdò, kí olúkúlùkù sì mu ọsàn kan lé e: ọsàn ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ láti inú ẹ̀wà, nígbà tó jẹ́ pé tíì tí àwọn mìíràn ń mu lé oúnjẹ ń dí i lọ́wọ́.

Àsáró ni ti Ọjọ́rú, kò sì ní wàhálà: iṣu, ike ata kan, ẹja gbígbẹ, epo díẹ̀, kí ẹ sì da ẹ̀fọ́ tí ẹ rẹ́ wẹ́wẹ́ sí i bí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwọn ọmọ tó bá ń ṣa ẹ̀fọ́ sọnù nínú ọbẹ̀ kì í rójú ṣà á nínú àsáró.

Iṣẹ́ Ọjọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́rú, nítorí mọ́ínmọ́ín kò ṣe é fi ìkánjú sè. Ẹ rẹ ẹ̀wà fún ìṣẹ́jú 10 péré, kí ó má baà mumi jù, ẹ gún un díẹ̀ nínú odó tàbí kí ẹ fọwọ́ ra á, kí àwọn ọmọ sì jókòó ti ọpọ́n kí wọ́n máa bó o. Ní ilé wa, ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ gbogbo ìròyìn ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀wà tí ẹ bó náà yóò sùn sínú omi nínú fíríìjì. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ pẹ̀lú tàtàsé, ata àti àlùbọ́sà, kí ẹ sì dúró ti ẹlẹ́rọ kí ó má bu omi rẹpẹtẹ sí i; mọ́ínmọ́ín tí kò dì, ibi ẹ̀rọ ló ti bàjẹ́. Ẹ pò ó dáadáa títí yóò fi fúyẹ́, ẹ fi epo ṣíbí mẹ́ta sí i, omi ẹja lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹja àti ẹyin sísè. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje dára fún òde ìnáwó. Ẹ̀mí méjì tó fún alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ewé eéran ni mo fẹ́ràn láti pọ́n ọn sí, nítorí òórùn rẹ̀ ń wọ inú oúnjẹ, ọkàn mi kò sì balẹ̀ sí ọ̀rá tí a ń sè lórí iná fún odindi wákàtí kan. Ẹ to igi ewé sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ bu omi sí i níwọ̀nba, kí ẹ sì máa fi omi gbígbóná kún un bí ó bá ń gbẹ. Bí ẹ bá ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, tí ọ̀bẹ sì jáde ní mímọ́, ó ti jinná. Ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ díẹ̀ ni ẹ ó fi jẹ ẹ́.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, tí ó ti rẹ gbogbo ènìyàn, ìrẹsì agolo mẹ́rin, ike ata tó kẹ́yìn, ẹyin tó bá ṣẹ́ kù àti ilá tí ẹ rẹ́ tí ẹ sì bọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Ìrẹsì tó bá kù ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí ó bá sùn sórí sítóòfù di àárọ̀, irú kòkòrò àìfojúrí kan lè ti tu oró sínú rẹ̀ tí gbígbé e kaná kò lè pa. Kí ó tó pé wákàtí méjì tí ẹ sọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kí ó tètè tutù, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì. Bí iná kò bá sí, ìwọ̀n tí wọn yóò jẹ tán ní alẹ́ náà ni kí ẹ sè. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń fi ata àti àlùbọ́sà gbé èyí tó kù kaná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí yóò fi gbóná yányán, àwọn ọmọ á jẹ ẹ́ tán, èmi á sì gbé apẹ̀rẹ̀, ó di Ìgbọ̀nà.