Bí a ṣe gba ilé bàbá ńlá wa là ní Ìkéré

Ẹ má tíì ra ọ̀dà o. Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ gùn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni ilé wa, páànù rẹ̀ sì ti dípẹtà; ibi tí òjò ń gbà wọlé gan-an ni ògiri ti rọ̀. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó wọlé bí ẹ̀kọ tútù.

Bíríkìlà àkọ́kọ́ tí a pè fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ó dán! Kí òjò ọdún kejì tó dá, ó ti ń ṣí kúrò ní abala-abala, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tutù rinrin. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí amọ̀ mí. Amọ̀ ni kí ẹ fi rẹ́ amọ̀: ẹ pò ó mọ́ koríko gígé, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó lò ó.

Ilẹ̀kùn àti òpó gbígbẹ́, ẹ má tà wọ́n. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkéré níbí, Lọ́ńdọ̀nù ló wà láti 1924. Ẹ fi òòlù kan ìdí òpó kẹ́rẹ́. Bó bá dún bí òfìfo, ikán ti wọ̀ ọ́, ẹ pe káfíńtà.

Kí ẹ tó ṣí ilé fún àlejò tó fẹ́ wá wò ó, kí mọ̀lẹ́bí fọwọ́ sí ìwé pé àwọn gbà. Ìpàdé mẹ́ta la ṣe, bùọ̀dá wa kan ṣì ń bínú. Ìsàlẹ̀ la kọ́kọ́ ṣí. Tòkè, èèyàn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, nítorí pákó. Yàrá tí ojúbọ wà, títì ló wà.