Mímú ọmọ kékeré lọ sétí òkun ní sọ́mà àti sí ọjà Kérésìmesì: bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀

Ọdún tí ọmọ mi pé ọmọ ọdún méjì la kọ́kọ́ mú un lọ sí ọjà Kérésìmesì ní Cologne, nílẹ̀ Jámánì. Alẹ́ Sátidé la wọbẹ̀, aago méje ti lù. Iná ń tàn yòò, orin ń dún, òórùn ṣúgà tí wọ́n ń yan gba gbogbo ojú ọjà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ kò rí ọ̀kankan níbẹ̀. Ìdí kóòtù àti ìsàlẹ̀ báàgì làwọn ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ó figbe ta, kò sì dákẹ́ títí a fi padà dé hòtẹ́ẹ̀lì. Ogún ìṣẹ́jú péré la lò nínú ọjà tá a tìtorí ẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Lọ́ńdọ̀nù.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a tún lọ, a sì gbádùn ẹ̀. Kì í ṣe pé owó wa pọ̀ sí i. Aago ọmọ la tẹ̀ lé, a pa ti wa tì. Bí a ṣe ṣe é nìyí.

1. Ẹ kọ ọjọ́ ọmọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo máàpù

Ẹ mú bébà kan, kẹ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ìgbà tó ń jí, ìgbà tó ń jẹun, ìgbà tó ń sùn lọ́sàn-án àti ìgbà tí ìjọ̀ngbọ̀n ń bẹ̀rẹ̀. Ti ọmọ tèmi: ó ń jí ní aago mẹ́fà, ó ń sùn ní aago kan ọ̀sán, bó bá sì ti di aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹ má bá a sọ̀rọ̀. Àlàfo méjì ló kù fún ìgbádùn, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi sínú àlàfo kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní òun á rí ọjà mẹ́ta lọ́jọ́ kan, àfi kó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀.

2. Ẹ fi sọ́mà dán an wò

Margate, ìlú etí òkun kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, la fi dánra wò kí ọjà oṣù Kejìlá tó dé. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ ẹ ti máa wọ ọkọ̀ tó yá jù lọ síbẹ̀, ibùdókọ̀ kan náà tí Eurostar, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù, ti ń gbéra. Nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ ni, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kì í sanwó ọkọ̀ ojú irin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ò sì ní rìn jìnnà láti ibùdókọ̀ kẹ́sẹ̀ yín tó kan iyanrìn. Ẹ wo ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà láàárín St Pancras dáadáa, ibi ẹ̀rọ agbéniròkè àti ilé ìyàgbẹ́. Ẹ máa nílò ẹ̀ ní Oṣù Kejìlá.

Ẹ wo àsìkò tí òkun ń kún àti ìgbà tó ń fà kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bó bá fà, iyanrìn á fẹ̀ lọ rẹrẹ, ọmọ á rí ibi sáré. Ẹ fi ìpara oòrùn pa á lára. Àwọ̀ dúdú náà ń jóná, ẹ má gbọ́ ti àwọn tó ní kò kàn wá.

Bẹ́ ẹ bá máa sùn mọ́jú, ẹ rántí pé lóṣù Kẹfà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ á lù kílẹ̀ tó ṣú. Ọmọ á wo fèrèsé, á ní, "Mọ́mì, oòrùn ò tíì sùn." Aṣọ àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà ni mo fi bo fèrèsé tiwa, mo fi àgekù okùn àti ohun tá a fi ń há aṣọ mọ́ okùn há a. Ó sùn.

Ọ̀rọ̀ iléèwé wá ńkọ́? Ní England, sáà ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ọmọ pé ọdún márùn-ún ni iléèwé di dandan fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ ẹ bá yọ ọ́ lọ́jọ́ iléèwé láìgbàṣẹ, wọ́n lè bu £80 lé òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń di £160 bí ẹ kò bá san án láàárín ọjọ́ 21. Nítorí náà, ẹ lo ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ọmọ yín dáadáa. Ọjọ́ Túsìdé láàárín oṣù Kẹfà, owó hòtẹ́ẹ̀lì ṣì rọlẹ̀.

3. Ìwé ìrìnnà

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀. Ẹni tó bá ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ Jámánì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, bó tilẹ̀ ní ìwé ìgbélùú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà ní tirẹ̀ láti gbà bí pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà bá ni tirẹ̀. Owó físà àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, àmọ́ iléeṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù lè gba owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ lè béèrè bó bá ti ku oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn àjò, àmọ́ ohun tó kù kò gbọ́dọ̀ dín sí ọjọ́ 15. Ẹ má dúró de ọjọ́ 15 yẹn. Oṣù Kẹjọ, nígbà tí iyanrìn Margate ṣì wà nínú bàtà, ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì ti ọmọdé ń lo ọdún márùn-ún péré, ó sì gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ òbí kan ló ń mú ọmọ lọ, kí ẹnì kejì kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda, kó fọwọ́ sí i.

4. Ọjọ́ àti tíkẹ́ẹ̀tì

Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ 24 ni Kérésìmesì ń ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná. Lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì, ọjọ́ náà lọjà ń tú. Ọ̀pọ̀ ọjà Kérésìmesì wọn ń ṣí ní ìparí oṣù Kọkànlá, wọ́n á sì palẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ 23 tàbí 24 oṣù Kejìlá. Ọjọ́ 25 àti 26, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì pa. Ẹni tó bá dúró de ìsinmi iléèwé kó tó lọ lè bá pákó àti ìgbálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá, láàárín ọ̀sẹ̀, ló dáa jù.

Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Brussels, bíi wákàtí méjì ni. Láti Brussels dé Cologne kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì. Ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ láàárín méjèèjì, nítorí pámpásì kì í mọ aago ọkọ̀. Eurostar kì í gbowó lórí ọmọ tí kò tíì pé mẹ́rin bó bá jókòó sórí itan yín. Ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Jámánì kì í gbowó lórí ẹni tí kò tíì pé mẹ́fà, àwọn ICE, ọkọ̀ wọn tó yá jù, sì ní yàrá kan fún ọlọ́mọ kékeré, ẹ béèrè rẹ̀ bẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ ẹ bá jáde ní ibùdókọ̀ Cologne báyìí, kàtídírà ló máa kọjú sí yín, gíga rẹ̀ mítà 157. Ẹ wá hòtẹ́ẹ̀lì sítòsí ibẹ̀ bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Ẹ máa mọ ìdí tó bá di ọ̀sán.

Oúnjẹ ọ̀nà: wọn kì í jẹ́ ká kó ẹran tàbí wàrà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Yúróòpù, àfi mílíìkì àti oúnjẹ ọmọ ọwọ́ níwọ̀nba. Ẹ jẹ́ kí adìẹ dídín dúró sílé. Àkàrà àti ìpékeré kò ní wàhálà.

5. Òtútù àti ọ̀já

Ọmọ tó wà nínú kẹ̀kẹ́ kì í mira, òtútù ń mú un ṣáájú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tì í. Ẹ ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ lóòrèkóòrè. Bó bá tutù, ẹ wọlé. Ìbọ̀wọ́, ẹ so méjèèjì pọ̀ mọ́ okùn tó gba inú apá kóòtù kọjá.

Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ọjà, èrò sì pọ̀, kẹ̀kẹ́ kò wúlò níbẹ̀. Ẹ pọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá pọ̀n ọ́n lé kóòtù ọ̀rá, á máa yọ̀ wálẹ̀ ni. Súwẹ́tà ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ pọ̀n ọ́n lé e, ẹ di ọ̀já kó le, kẹ́ ẹ wá gbé kóòtù bàbá rẹ̀ wọ̀ lé ẹ̀yin méjèèjì, kí orí ọmọ yọ síta. Láti ẹ̀yìn mi ló ti rí gbogbo ohun tí kò rí nínú kẹ̀kẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́.

6. Orúkọ ọmọ

"Dádì" la ń pe ọmọ mi nílé. Ẹ̀yìn ikú bàbá mi la bí i, kò sẹ́ni tó jẹ́ forúkọ pè é. Ní Margate, mo bi í pé, "Bó o bá sọnù, kí lo máa sọ pé o ń jẹ́?" Ó ní, "Dádì." Kí lorúkọ ìyá ẹ? "Mọ́mì." Mo ní ó parí! Láti oṣù Kẹjọ dé oṣù Kọkànlá la fi kọ ọ́ lórúkọ inú pásípọ́ọ̀tù. Ẹ tún kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i lọ́wọ́, lábẹ́ ìbọ̀wọ́. Láràárọ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà.

7. Ọjọ́ ọjà

Lálẹ́ tó ṣáájú, ẹ pàlọ́ fún un. Wọ́n ní nígbà kan rí, àwọn ẹni kéékèèké kan ń wá sí Cologne lóru, wọ́n ń po ìyẹ̀fun, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ gbogbo ará ìlú nígbà tí wọ́n bá sùn. Ìyàwó télọ̀ fẹ́ rí wọn, ló bá da ẹ̀wà róbótó tí wọ́n ń pè ní peas sórí àtẹ̀gùn. Wọ́n yọ̀, wọ́n ṣubú yakata, wọ́n bínú lọ, látìgbà yẹn ni kálukú ti ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Ère obìnrin náà pẹ̀lú fìtílà rẹ̀ wà nítòsí kàtídírà, àwọn ẹni kéékèèké yẹn ló sì gbòde nínú ọjà Alter Markt. Odidi wákàtí kan lọmọ mi fi ń wá wọn kiri, kò bèèrè ohun ìṣeré kankan.

Ẹ débẹ̀ bí wọ́n bá ti ń ṣí, nǹkan bí aago mọ́kànlá. Fún ẹṣin onígi tó ń yí po, mo fún un lówó ẹyọ mẹ́ta dání: bí tọwọ́ rẹ̀ bá tán, ó tán. Sọ́sééjì wọn, ẹlẹ́dẹ̀ ló pọ̀ jù, kí ẹ̀yin Mùsùlùmí bèèrè. Reibekuchen ni mo fẹ́ràn, pòtétò tí wọ́n rin tí wọ́n dín, ó jọ àkàrà lójú. Glühwein, wáìnì gbígbóná ni. Kinderpunsch, èyí tí kò lọ́tí nínú, ni tọmọ, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó gbé e fún un. Álímọ́ńdì oníṣúgà yẹn, ọmọdé lè há a sọ́fun, ẹ gbé e pamọ́ sínú báàgì.

Aago kan, ẹ padà sí hòtẹ́ẹ̀lì, kó sùn. Ẹ tún jáde ní mẹ́ta ààbọ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀, ilẹ̀ á ṣú, iná á tàn, ojú ọmọ á sì mọ́ kedere. Kó tó di mẹ́fà, táwọn òṣìṣẹ́ bá ń ya wọlé, kẹ́ ẹ ti máa lọ.

Kọ́ọ̀pù tí wọ́n fi bu Kinderpunsch fún yín, wọ́n ti gba owó ìdúró lé e lórí, bẹ́ ẹ bá dá a padà, wọ́n á dá owó padà. Ọmọ mi kọ̀ jálẹ̀, kò dá tirẹ̀ padà. Ó gbé e mọ́ àyà títí dé St Pancras. Ògì ló fi ń mu báyìí.